Ẹni Tó Ń Dáhùn fún Brice

Ọjọ́ kẹta tí a sin Bọ́láwájí sí Ita-Djèbou, ohùn rẹ̀ dáhùn ìpè nínú kíláàsì. Orúkọ Brice ni wọ́n sì pè.

Àrùn kòrónà ti ti yunifásítì nígbà náà. Orí fóònù ni Mùsìé Pacôme ti ń kọ́ wa; kò rí ojú ẹnì kankan nínú wa rí. Abẹ́ igi máńgòrò kan ní Issaba ni a máa ń jókòó sí, nítorí ibẹ̀ nìkan ni rẹ́sò, nẹ́tíwọ̀kì fóònù, ti ń wọlé. Èmi Fálúyì, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, ni àgbà wọn. Èmi ni mo ń kọ orúkọ àwọn tó wá. Tọ́ńtọ̀n, bí ẹni ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ni wọ́n ń pè mí.

Ẹni tí kò bá wá tó kò ní ṣe ìdánwò. Brice àti Bọ́láwájí, ọ̀rẹ́ méjì nínú wa, wá ṣàdéhùn: bí rẹ́sò bá já lọ́wọ́ ẹnìkan, èkejì yóò dáhùn fún un. Nílé wa, a kì í jẹ́ ìpè ẹlòmíràn. Mo mọ èyí, síbẹ̀ mo ń kọ “ó wà”.

Àìsàn dá Bọ́láwájí dùbúlẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ ní Sakété, níbi tó ti máa ń wọ kíláàsì. Brice rò pé mẹ́gà tó fi ń wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló tán, ó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án dáhùn fún un. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo kọ ọ́ pé ó wà. Ká ní mo ti kọ òtítọ́, ẹnìkan ì bá lọ wò ó. Onílé rẹ̀ ló já ilẹ̀kùn, ó bá òkú rẹ̀.

“Brice?” ni Mùsìé Pacôme pè lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú náà.

“Mo wà níbí, Mùsìé.” Ohùn Bọ́láwájí ló jáde nínú fóònù, ó ń mí bí ẹni tó gun òkè.

Brice ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni. “Tọ́ńtọ̀n, èmi kọ́ o.”

“Mo mọ̀. Tún dáhùn.”

Ó dáhùn. Ó kígbe pàápàá. Mùsìé Pacôme ò gbọ́.

“O ṣoríire,” ni Jocelyne, aláwàdà wa, wí. “Òkú ń bá ẹ lọ sí kíláàsì. Ìwọ sáà lọ sùn.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ ló ń rí lójoojúmọ́. Ohùn náà ń dáhùn ìbéèrè, ìdáhùn rẹ̀ sì ń tọ̀nà. Lọ́jọ́ kan, Brice fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu kan etí mi kí n tó gbọ́ ohun tó ń sọ: “Ìyá mi ò gbọ́ mi mọ́, Tọ́ńtọ̀n. Nínú ilé kan náà.”

Mo kọ lẹ́tà sí Mùsìé Pacôme, mo jẹ́wọ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án náà. Kò fèsì.

Ìdánwò dé. Wọ́n kó wa jọ sí Pobè. Mùsìé Pacôme dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gba káàdì Brice, ó wo fọ́tò rẹ̀, ó wo àga kan nínú yàrá ìdánwò. Àga náà ṣófo.

“Brice ti jókòó,” ó ní. “Ta ni ìwọ?”

Ètè Brice ń sọ̀rọ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan.

“Mùsìé, Brice nìyí. Mo fi Ọlọ́run búra.”

Ó kọjú sí mi. “Ẹ̀yin ni Fálúyì? Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ nígbà mẹ́sàn-án pé ẹni tí kò sí wà. Ẹ̀rí yín ò wúlò fún mi, bàbá. Ẹ wọlé, tàbí kí ẹ bá a lọ.”

Brice di apá mi mú. Ogún ọdún ni mo fi wá ìwé ẹ̀rí.

Mo yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, mo wọlé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn mi, lórí àga tó ṣófo, gègé bíìkì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.