Mouftaou Fi Oògùn Orúnkún Ṣínu

Orúnkún Mouftaou wú débi pé ẹyẹ tó ń kọjá lórí oko rẹ̀ ní Bétérou lè bà lé e, kó rò pé ebè iṣu ni. Kò lè kọ ebè mọ́, bẹ́ẹ̀ ààwẹ̀ sì ti wọlé.

Hawaou, ìyàwó rẹ̀, ní kó lọ sí ilé ìwòsàn. Mouftaou ní ta ni yóò jókòó síbẹ̀ títí irùngbọ̀n rẹ̀ á fi kanlẹ̀. Ó ra hóró oògùn pupa lọ́wọ́ obìnrin tó ń gbé e kiri ọjà nínú abọ́.

Láti ìgbà náà, bí oòrùn bá ti wọ̀, tí gbogbo ilé ń fi kókó, ẹ̀kọ gbígbóná, ṣínu, oògùn ni Mouftaou ń fi ṣínu. Ó ní kí oògùn ríbi jókòó kí oúnjẹ tó wá gba àyè rẹ̀. Kí wọ́n tó bu oúnjẹ sí i, á ti sùn lọ.

Orúnkún rọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà títì, ó ní ẹ̀wà ni. Ó ṣubú lórí ebè, ó ní ààwẹ̀ ni. Hawaou sọ̀rọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Nígbà tó yá, kò bi í léèrè mọ́: ó gbé e ka orí alùpùpù bí àpò àgbàdo, ó di ilé ìwòsàn.

Tata Raoudath, àǹtí nọ́ọ̀sì ibẹ̀, wo ojú rẹ̀ tó ti funfun, ó ní ikùn rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó pe ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ gba ẹ̀jẹ̀ ní Parakou. Bí wọ́n ti ń retí ọkọ̀, ó ń ṣàlàyé, inú sì ń bí i.

"Tonton, bàbá wa, bí nǹkan bá ṣe orúnkún yín, ara á mú lára ọ̀rá tó wà nínú ẹran ara, á fi ṣe ońṣẹ́. Ońṣẹ́ yìí ló ń pe ẹ̀jẹ̀ wá síbẹ̀. Ibẹ̀ á gbóná, á wú, á dùn yín. Bí iṣẹ́ bá parí, ara á tún fi ọ̀rá ṣe ońṣẹ́ mìíràn tó máa ní kí wíwú náà lọ sílẹ̀."

"Ọ̀rá ló fà á, àbí? Hawaou, má da epo sọ́bẹ̀ mọ́."

"Ẹ má dá a lóhùn, tata. Ó fẹ́ kí gbogbo ilé máa jẹ iṣu gbẹrẹfu."

"Epo ọbẹ̀ kọ́ ni mo wí. Irú ońṣẹ́ yẹn wà nínú ikùn náà, òun ló ń ṣọ́ ikùn kí omi kíkan tó ń lọ oúnjẹ má baà jẹ ẹ́. Oògùn yín kò mọ ti orúnkún yàtọ̀ sí ti ikùn. Kò jẹ́ kí ara ṣe ìkankan. Ikùn òfìfo wá wà níhòòhò."

Mouftaou bọ̀ láti Parakou láàyè, ṣùgbọ́n ó rù bí ìrù ewúrẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jọ̀wọ́, ó ti sú wa í wí. Ẹ má ra oògùn inú abọ́. Bí nọ́ọ̀sì bá fún yín ní oògùn ara wíwú, ẹ jẹun kí ẹ tó lò ó, ẹ má sì fi kún un. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbà lọ, ẹ má dá ẹ̀wà lẹ́bi. Aláìsàn lè san ààwẹ̀ rẹ̀ padà lẹ́yìn Ìtúnu. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti dà nù nínú ikùn, tẹlòmíì ni wọ́n máa fi dípò rẹ̀, bí ẹ bá rí i gbà ní ilé ìwòsàn.