Orúkọ Tí Mojọláolúwa Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Kí la ti mọ̀ nípa obìnrin tó fẹ́ dá lọ ṣọdẹ ní ilẹ̀ òkèèrè? Ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ní àárọ̀ Sátidé kan nìyẹn, nínú gbọ̀ngàn kékeré tí a ń lò lẹ́yìn òpópónà Harrow Manorway ní London. Nọ́ọ̀sì, olùtọ́jú arúgbó àti akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá. Ẹlòmíràn á ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ dé, bàtà iṣẹ́ á ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n dáhùn dáadáa. Wọ́n ní kó yẹ ìwé àṣẹ ẹni tó máa mú un wọ igbó wò. Kó wá obìnrin mìíràn tó ti lọ síbẹ̀ rí, kó bi í bóyá ilẹ̀kùn yàrá ṣeé tì láti inú. Kó gba oògùn ibà. Kó ra ìnṣọ́ránsì tó lè fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e jáde bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kó má fi ẹsẹ̀ kan jáde láìgbé omi. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n mọ̀, mo sì yìn wọ́n. Èmi gan-an ni nǹkan kan wà tí n kò mọ̀.

Orúkọ mi ni Ìyèbíyè. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé fún ọdún méjìlélógún ní Ìbàdàn kí n tó kó wá sí Thamesmead. Kíláàsì yìí bẹ̀rẹ̀ nítorí àwọn obìnrin tó ń dá lọ sílé lọ sìnkú òbí wọn, tí wọn ò mọ ẹni tó máa wá pàdé wọn ní pápákọ̀ òfuurufú. N kò rò pé ọ̀rọ̀ ìbọn máa wọ inú rẹ̀ láé, àfi ìgbà tí Mojọláolúwa dé.

Nọ́ọ̀sì ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó ń gbé ní ilé ìjọba tó wà ní Woolwich Dockyard. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ó dìde lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wá, ó ní, "Auntie, ọdẹ ni mo fẹ́ lọ ṣe, ní Namibia. Èmi nìkan."

Adébísọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mú un wá, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bú sẹ́rìn-ín. "Ọdẹ bíi ti ẹran? Ìwọ tó sáré wọ inú bọ́ọ̀sì lánàá nítorí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀!"

"Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yẹn ló ń lé mi, Bísọ́lá. Tèmi ni kí n máa lé ẹran."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀ ní Ìgbẹ́tì. Levi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ni bàbá máa ń mú lọ sóko ọdẹ. Bàbá ṣèlérí fún òun náà pé tí òun bá dàgbà, àwọn jọ máa lọ. Ó ti dàgbà báyìí. Ó ti fi ọdún méjì kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn ní pápá kan ní Kent, ó sì ti rí oko kan ní Namibia níbi tí wọ́n ti ń fi ẹran tí wọ́n bá pa bọ́ àwọn abúlé tó yí wọn ká. "Daddy mi máa ń sọ pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dákẹ́ ni igbó ń fún ní nǹkan," ó sọ fún mi, ojú rẹ̀ sì tàn bí ojú ọmọdé.

Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn láti ìgbà náà.

Mo ní fọ́ọ̀mù kan tí mo tẹ̀ fúnra mi, ojú ewé kan péré. Ibo lò ń lọ? Ọ̀dọ̀ ta ni? Nọ́ńbà wọn ńkọ́? Aago mélòó lo máa fi ìròyìn ránṣẹ́ lójoojúmọ́? Ìlà tó gbẹ̀yìn ló ṣe pàtàkì jù: ta ni ẹni tó máa kígbe bí a ò bá gbúròó rẹ? Mo máa ń ní kí oníkálukú fún ẹni yẹn ní nọ́ńbà mi.

Mojọláolúwa kọ gbogbo rẹ̀ wéréwéré. Nígbà tó dé ìlà tó gbẹ̀yìn, bírò rẹ̀ dúró. Ó wo ojú fèrèsé fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ òsì bo ìwé, ó sì kọ ọ́. Isaac Ọdẹ́lékè. Bàbá mi. Nọ́ńbà Nàìjíríà kan tẹ̀ lé e.

"Ṣé Daddy mọ̀ pé ò ń lọ?"

"Ẹ má ṣèyọnu, Auntie. Mo máa sọ fún wọn."

"Fún wọn ní nọ́ńbà mi o."

"Mo máa fún wọn, mà."

Ó lọ ní ọjọ́ Túsìdeè kan nínú oṣù kẹjọ. Láàárọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé e, òjò ń rọ̀ wẹ́wẹ́ ní Thamesmead, àwọn obìnrin mẹ́sàn-án sì jókòó níwájú mi. Òfin kíláàsì wa ni pé kí gbogbo fóònù wà ní pípa. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá dún máa jó fún wa. Èmi ni mo kọ́kọ́ ń pa tèmi, lójú gbogbo wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí àwáwí. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ojú rẹ̀ fi ṣókùnkùn, mo sì dà á dé orí tábìlì.

Ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó dún.

"Auntie, ẹ̀yin náà!" Bísọ́lá pàtẹ́wọ́. "Ẹ dìde o, ẹ máa jó!"

Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe gbé e. Nọ́ńbà Nàìjíríà ni. Mo fi sétí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni ewé gbígbẹ, bí ìgbà tí ẹnìkan ń fi sùúrù gbé ẹsẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ èémí ọkùnrin, èémí ẹni tí kò fẹ́ kí nǹkan tó wà nítòsí gbọ́ òun.

"Tíṣà."

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Kò dá mi lóhùn ìkíni. Ohùn àgbà ni, ohùn àwọn ará Òkè-Ògùn, ó sì rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi di etí kejì. "Ọmọ mi wà nílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́. Ẹ pe àwọn olóko yẹn. Kí wọ́n tọ ipa odò tó ti gbẹ, kí wọ́n kọjú sí ìlà oòrùn. Wọ́n á rí igi kan tó dá dúró, tí àwọn ẹyẹ kọ́ ilé bò bí òrùlé koríko. Abẹ́ rẹ̀ ló wà. Kí wọ́n yára, Tíṣà. Nǹkan kan ń pe orúkọ rẹ̀."

"Kí ló ń pè é, sà?"

Ewé gbígbẹ tún dún, ẹ̀ẹ̀kan péré.

"Kì í ṣe èmi," ló wí. Fóònù sì dákẹ́.

N kò ro nǹkan kan nígbà náà. Fóònù ti ṣókùnkùn, mo tàn án, mo tẹ nọ́ńbà àṣírí mi, mo dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo sì pe oko náà. Obìnrin tó ni ín ló gbé e. Ó ní Mojọláolúwa wà ní yàrá rẹ̀, pé ó ti sọ lálẹ́ àná pé òun fẹ́ sinmi lónìí, kí ẹnikẹ́ni má wá a títí di ìrọ̀lẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Mo gbọ́ bó ṣe kan ilẹ̀kùn, mo gbọ́ bó ṣe ṣí i. Nígbà tó padà sórí fóònù, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà ní títẹ́, ó sì tutù. Mo sọ ọ̀nà tí bàbá yẹn júwe fún un, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì.

"Ta ló sọ fún yín nípa igi yẹn?"

"Bàbá rẹ̀ ni."

"Ṣé bàbá rẹ̀ ti wá síbí rí?"

"N kò mọ̀, mà. Ẹ máa lọ."

A kò ṣe iṣẹ́ kankan mọ́ ní kíláàsì. Bísọ́lá fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ohùn rẹ̀ kò ga rárá. Nígbà tó kọjá aago méjìlá díẹ̀, wọ́n pè. Wọ́n ti rí i lábẹ́ igi náà. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, ìgò omi rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti gbẹ láti àárọ̀. A pariwo, a dì mọ́ra wa. Ìgbà tí ariwo yẹn rọlẹ̀ ni Bísọ́lá wo fóònù mi lórí tábìlì.

"Auntie," ó rọra sọ ọ́, "ṣebí ẹ ti pa á kó tó dún?"

Kò sẹ́ni tó ní kí n jó mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo gbé mọ́ínmọ́ín lọ sí Woolwich Dockyard. Mojọláolúwa gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dì lé orí àga. A jẹun, a ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ẹran kan ṣoṣo tí òun sún mọ́ ni ewúrẹ́ ìyá olóko. Ọkọ̀ ojú irin kọjá nísàlẹ̀, ife tíì wa sì gbọ̀n díẹ̀.

"Bá mi pe Daddy," mo wí. "N kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìpè wọn ló gbà ọ́ là."

Ó gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀.

"Auntie, ta lẹ sọ pé ó pè yín?"

"Daddy rẹ. Àwọn olóko ò sọ fún ọ ni?"

"Wọ́n ní tíṣà mi ló pè." Ó ti àwo rẹ̀ sẹ́yìn. "Daddy mi ti kú, Auntie. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án."

Mo sún àga mi mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣe, nítorí n kò lè bá a wí. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré pé kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni bó bá ń rìnrìn àjò, kí àwọn ọ̀tá má baà gbọ́ kí wọ́n ta nǹkan sí i lọ́nà. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n kọ́ bẹ́ẹ̀. A máa ń dé ká tó gbé fọ́tò síta. Èmi náà ti ṣe é. Levi kò mọ̀ pé ó lọ. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀. Níbi iṣẹ́, ó ní òun fẹ́ sinmi nílé. Fọ́ọ̀mù mi sì ń béèrè orúkọ.

"Mo wá rò ó," ó wí, "ta ni mo lè kọ tí kò ní sọ fún ẹnì kankan? Ẹ má bínú, Auntie."

"Mi ò bínú, ọmọ mi."

Ó wá sọ ti igi yẹn fún mi. Ìdájí ló jáde láti lọ wo ilé àwọn ẹyẹ, ó rò pé òun máa padà kí wọ́n tó jí. Òkúta yí mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ nínú ipa odò. Ó wọ́ dé abẹ́ igi nítorí òjìji. Nígbà tí oòrùn mú, ó gbọ́ tí ẹnìkan pè é láti inú koríko gíga tó wà níwájú. Ohùn ọkùnrin tó ń mú un ṣọdẹ ni, kò yàtọ̀ rárá. *Mojọláolúwa. Máa bọ̀. Ibí ni mo wà.*

"Inú mi dùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ọkùnrin yẹn ò lè pe orúkọ mi. Gbogbo wọn níbẹ̀, 'Mo' nìkan ni wọ́n ń pè nínú rẹ̀."

Ó mu tíì díẹ̀.

"Daddy máa ń sọ pé ọdẹ kì í pe ọdẹ lórúkọ nínú igbó. Wọ́n máa ń súfèé ni. Ti Daddy, kúkúrú méjì, gígùn kan. Nǹkan yẹn tún pè mí lẹ́ẹ̀kejì, ó ti sún mọ́ mi. Ni mo bá gbọ́ súfèé yẹn lẹ́yìn mi, níbi ìdí igi. Kúkúrú méjì, gígùn kan. Mo padà sẹ́yìn, mo fi ẹ̀yìn ti igi, mi ò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí mọ́tò fi dé."

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù lọ́kàn mi. "Báwo ni wọ́n ṣe rí nọ́ńbà mi?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n fún wọn."

Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó nà án sí mi. Àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tó ti ń fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà bàbá rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Ẹ kú ọjọ́ ìbí, Daddy. Mo ti yege, Daddy. Mo ti dé London, òtútù wà. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àmì pupa kékeré kan fi hàn pé kò lọ. Èyí tó kẹ́yìn ni: *Daddy, mò ń lọ ṣọdẹ bí ẹ ṣe ṣèlérí. Nọ́ńbà tíṣà mi nìyí, bí mi ò bá padà.* Lábẹ́ ìyẹn, kò sí àmì pupa. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ó ti dé.

A pe nọ́ńbà náà, àwa méjèèjì. Ohùn obìnrin kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ sọ fún wa pé kò sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Mojọláolúwa gbé orí lé èjìká mi, ó sì sunkún. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wọ́n mú mi lọ ṣọdẹ ṣá."

Mo ti tún fọ́ọ̀mù yẹn tẹ̀. Ìlà tó gbẹ̀yìn béèrè orúkọ ẹni tó wà láàyè báyìí, èmi fúnra mi sì máa ń pe ẹni náà kí obìnrin kankan tó wọ ọkọ̀. Bísọ́lá bi mí bóyá òun lè kọ ìyá àgbà òun tó ti lọ sọ́run, nítorí pé, ó ní, mama yẹn fẹ́ràn òfófó. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí o ṣe lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, nìyí. Mú ìwé kan. Kọ ibi tí ò ń lọ, ọ̀dọ̀ ẹni tí ò ń lọ àti ọjọ́ tí wàá padà. Ronú kan ẹnì kan ṣoṣo tó wà láàyè, tí ẹnu rẹ̀ dá ọ lójú. Pè é, sọ fún un, kó sì tún un sọ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí nọ́ńbà àtijọ́ kan bá wà nínú fóònù rẹ tí ọwọ́ rẹ ò gbà láti pa rẹ́, fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Má kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Ẹni yẹn ti mọ̀ pé ò ń lọ.