Ẹyin Dúdú Tí Ìyá Télọ̀ Jù Sínú Agbọ̀n

Àbẹ́là kan ń jó lórí tábìlì, ọmọbìnrin kan sì tẹrí ba sídìí rẹ̀ débi pé iná fẹ́rẹ̀ẹ́ jó o nírun. Ohun tí Olóyin, ọkùnrin tó ń sin oyin, kọ́kọ́ rí nìyẹn lọ́jọ́ tó gbé ìda oyin wá sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹyin wà lọ́wọ́ òsì ọmọbìnrin yìí, gègé ìda wà lọ́wọ́ ọ̀tún: igi pẹ́ńpẹ́ tí wọ́n so arọ bàbà mọ́ lórí, ihò arọ náà ò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Á fi bu ìda, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, á wá fi ìda tó yọ́ fa ìlà sára ẹyin.

Dípò kí arákùnrin yìí kanlẹ̀kùn, ṣe ló gbé páálí ìda lé tábìlì, gbì! Tábìlì mì. Ìlà wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ríran ni?"

"Ẹ má bínú. Ẹ kàn nù ún kúrò."

"Kí n nù ún? Ibi tí ìda bá ti kàn lára ẹyin, aró ò ní mú un mọ́. Funfun ló máa wà títí ayé!"

"Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n dúró wo bí ẹ ṣe máa tún un ṣe."

Ó dúró lóòótọ́. Ọmọbìnrin náà sọ ìlà wíwọ́ di ẹ̀ka igi. Ó ri ẹyin bọ aró ìyeyè, ó fi ìda bo ibi tó fẹ́ kó jẹ́ ìyeyè, ó rì í bọ aró pupa, ó tún fi ìda bò ó, ó wá fi aró dúdú parí rẹ̀. Ẹyin náà wá rí jákujàku. Àfìgbà tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, tí ìda yọ́, tó fi aṣọ nù ún, ni gbogbo àwọ̀ yọ síta. Olóyin la ẹnu sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò yé gbé ìda wá.

"Ìda àná ò tíì tán o," ni ọmọbìnrin náà, Ẹlẹ́yin, máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Mo mọ̀. Ìda kọ́ ló ń gbé mi wá."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dé, Ẹlẹ́yin fún un ní ẹyin kan, ìda àti aró dúdú ṣì bò ó. "Fún màmá ni. Ìṣojú wọn ni kó o ti yọ́ ìda rẹ̀ o, olólùfẹ́ mi."

Télọ̀ ni ìyá Olóyin, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Olóyin ò tíì tan àbẹ́là tí ìyá já ẹyin gbà.

"Kí lèyí? Ẹyin dúdú! Ṣé èmi ni wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà? Ẹni tí ò níṣẹ́ méjì ju kó máa fi ẹyin ṣeré, òun lo fẹ́ fẹ́?" Ó jù ú sínú agbọ̀n àjákù aṣọ.

Olóyin ńkọ́? Ó dákẹ́! Ọkùnrin tí oyin ń ta tí kì í sá, ó dúró bí òpó. Inú bí mi, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́. Kí ló ń fi ẹnu ṣe?

"Kí lo wá sọ fún wọn?" ni Ẹlẹ́yin bi í nígbà tó gbọ́.

"Mi ò fẹ́ ariwo ni."

"Ariwo! Wọ́n bú mi, wọ́n bú iṣẹ́ ọwọ́ mi, o dákẹ́! Tí wọ́n bá bú mi nínú ilé rẹ lọ́la ńkọ́? Tí o bá máa dákẹ́, má padà síbí mọ́." Ó ti ilẹ̀kùn. Ohun tó ṣe yẹn dáa.

Olóyin lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí máṣìnnì lójú ẹsẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mi ò ní dákẹ́ lónìí. Ohun tí ẹ ṣe ò dáa rárá. Ìyàwó tí mo fẹ́ fẹ́ lẹ bú."

Máṣìnnì dúró. Ìyá tú agbọ̀n wò. Aṣọ ti gba ẹyin, kò fọ́. Ó tan àbẹ́là, ó gbé ẹyin sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó ń fi àjákù aṣọ nù ún. Funfun yọ, ìyeyè yọ, pupa yọ. Àwòrán abẹ́rẹ́ kan jáde, òwú tó wà lójú rẹ̀ yí ẹyin po, ó rán aṣọ méjì pọ̀.

Ìyá yọ awò ojú. "Abẹ́rẹ́ mi rèé. Èmi ló yà á fún?"

"Ẹ̀yin ni."

Ìyá wò ó títí, ló bá bínú. "Ìwọ náà! Kí ló dé tí o ò dá mi dúró nígbà tí mo fẹ́ jù ú?" Ẹ ò rí nǹkan!

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá gbé àpò àjákù aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù. "Ọmọ mi, ẹnu mi ló yá jù. Èyí rọ̀, ó máa dáa láti fi nu ìda."

Ẹlẹ́yin kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, àmọ́ kò tújú ká sí Olóyin. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o sọ̀rọ̀?"

"Ó sọ̀rọ̀," ni ìyá dáhùn. "Ó tiẹ̀ sọ ọ́ jù."

Ẹlẹ́yin na ẹyin funfun kan àti gègé ìda sí Olóyin. "Fa ìlà kan yí i po. O mọ̀ pé kò ṣeé nù."

Olóyin bu ìda, ó gbé gègé sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó fa ìlà. Ìlà náà gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, títí ó fi padà débi tó ti bẹ̀rẹ̀.

"Ó wọ́," ni Ẹlẹ́yin wí.

"Ṣé ká jù ú nù?"

"Ká jù ú nù kẹ̀! Ó wọ́, àmọ́ ó pàdé." Ẹ̀rín wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Mo gbà, màá fẹ́ ọ." Ó gba ẹyin náà, ó rì í bọ inú aró.