Ohun Tí Bọ̀ọ̀dá Titus Sọ Lójú Omi

"Kí ló ń wí?" Brian, ọmọ kíláàsì rẹ̀, bi Àrìnpé.

Olùkọ́ ló kó wọn pọ̀ láti ṣe fídíò nípa àwọn òkun ilẹ̀ olóoru. Nínú fídíò tó wà lórí fóònù Àrìnpé, Bọ̀ọ̀dá Titus, àbúrò ìyá Àrìnpé, dúró nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní etíkun Ìlàjẹ, ó ń fa àwọ̀n tí èpò òkun wé mọ́ wìtìwìtì. Kò sí ẹja kan níbẹ̀. Ó ń pariwo pé: "Èpò yìí ti dí ojú omi pa! Ó ń ya àwọ̀n wa, ó ń há mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbà wá, àwọn ọmọ wa ò rí jẹ!"

Àrìnpé gbọ́ ọ yékéyéké. Ṣùgbọ́n àlejò ni nílé ẹ̀kọ́ náà ní Bronx, ní New York, kò sẹ́ni tó ń bá a jókòó jẹun. Lónìí, gbogbo ojú ń wò ó.

"Ó ní iwin kan ló ń bá òun jà," ló dáhùn. "Irun orí iwin náà ló wà nínú àwọ̀n yẹn."

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ́. Brian kọ ìtumọ̀ náà sábẹ́ fídíò náà, ó sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi han àwọn òbí, ìyá Àrìnpé ti Queens Village wá tààrà, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Bí gbọ̀ngàn ti ń rẹ́rìn-ín, ó dìde fùú.

"Àbúrò mi nìyẹn! Ebi ló ń ké, ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín! Ta ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

Brian nawọ́ sí Àrìnpé.

"Ìwọ?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Titus tó gbé ọ kọ́rùn láti kékeré?"

Ẹnì kan ṣì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Inú bí Àrìnpé sí onítọ̀hún, àti sí ara rẹ̀ pàápàá. Ó jáde síwájú.

"Irọ́ ni mo pa. Ẹ tún fídíò náà gbé sí i."

Ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ Titus ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"O bà á jẹ́ fún wa," ni Brian kùn. "Àwàdà lásán ni."

"Àwàdà? Bó bá jẹ́ bàbá tìẹ ni ebi ń pa, ṣé wàá rẹ́rìn-ín?"

Nígbà tí wọ́n délé ní Grand Concourse, Àrìnpé kúnlẹ̀ ti fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀ọ̀dá, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti rí i," ni Titus wí. "Wọ́n ti ń pè mí ní ọkọ iwin ní èbúté. Ìjọba tí a ń bẹ̀ pàápàá, ohun tí wọn yóò rí nìyẹn. Èyí tó o wá túmọ̀ dáadáa yìí, ṣé yóò dé ibi tí tàkọ́kọ́ dé?"

Wọ́n ti yọ fídíò náà kúrò, ṣùgbọ́n àwọn tó ti wò ó ti lọ tàwọn tẹ̀rín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣọ́ra. Ẹ má fi ìyà èèyàn yín wá ọ̀rẹ́, nítorí ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.