Ọ̀nà Tí Bàbá Sọ́jà Fi Sílẹ̀

Nígbà tí Wàhídátù dé ìdí igi irú, kò kọ́kọ́ gbà pé oko bàbá àgbà òun lòun ń wò. Àwọn ebè tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ti wó lulẹ̀. Èébù iṣu fọ́n káàkiri, ojú ẹsẹ̀ màlúù sì kún ilẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tó rú u lójú jù ni pé ebè ọ̀tún àti tòsì dúró digbí. Màlúù kò yà sí wọn rárá. Irú màlúù wo ló ń ṣa ebè tẹ̀ báyìí?

Ilẹ̀ gbọọrọ yìí ti ń da ẹbí láàmú tipẹ́. Bàbá Sọ́jà, bí gbogbo ìlú Tẹ̀dé ṣe ń pe bàbá àgbà rẹ̀, ja ogun abẹ́lé nígbà èwe rẹ̀, ó sì padà wálé wá dáko iṣu títí ọlọ́jọ́ fi dé. Okùn ló fi ń wọn poro, fèrè ló fi ń pe àwọn alágbàṣe síṣẹ́, ebè rẹ̀ a sì tò bí sọ́jà tó fẹ́ yan. Síbẹ̀, láàárín oko dáadáa yẹn, ó fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ tí kò kọ ebè sí. Bí wọ́n bá bi í, á ní, "Ibẹ̀ kì í ṣe tèmi nìkan." Àwọn kan ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú sógun ló fi ń rántí. Àwọn mìíràn ní ó ri nǹkan mọ́ ibẹ̀ ni. Ràmọ́nì, bàbá Wàhídátù tó ń ránṣọ nítòsí ọjà, kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà sétí. "Ogun ló sọ bàbá mi dà bẹ́ẹ̀," ni yóò wí, á sì tún tẹ ẹsẹ̀ mọ́ máṣíìnì rẹ̀.

Nígbà tí àdúà ìrántí ọdún kan Bàbá ń bọ̀, wọ́n ní kí Wàhídátù, akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, sọ irú èèyàn tí Bàbá jẹ́. Kí ni kó sọ? Ẹnu àwọn tó bi léèrè kò kò. Rótìmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló wá gbà á nímọ̀ràn.

"Má da ara rẹ láàmú. Jẹ́ ká kọ ebè sí ilẹ̀ òfìfo yẹn, ká pè é ní oko ìrántí. Màá ká a sórí fóònù, gbogbo ayé á rí i."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Wàhídátù létí. Kò bi àgbà kankan. Wọ́n kọ ebè, wọ́n gbin iṣu sí i, àwọn èèyàn sì yìn ín lórí fóònù títí orí rẹ̀ fi wú. Ọ̀la ni àdúà. Oko ìrántí rèé o!

Ó ṣì dúró síbẹ̀ nínú ọyẹ́ nígbà tí Hàwáù, ìyá Fúlàní tó ń ta wàrà, yọ láti ọ̀nà odò Ọ̀fìkì. Ìyá náà sọ igbá wàrà rẹ̀ kalẹ̀, ó káwọ́ lérí.

"Ọmọ mi, ta ló dí ọ̀nà?"

"Ọ̀nà wo, Ìyá? Oko wa nìyí o! Màlúù yín ló bà á jẹ́!"

"Màlúù kò mọ̀ pé Bàbá ti kú," ni Hàwáù fèsì jẹ́jẹ́. "Ibi tí Bàbá ní kó máa gbà ló gbà. Ọdún tí wọ́n gbé ìyá rẹ wọlé, màlúù wa jẹ iṣu níbí. Àwọn ọ̀dọ́ yín yọ àdá, tiwa náà gbé kùmọ̀. Bàbá yín bọ́ sáàárín, ó fọn fèrè. Ó ní òun ti sin ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lójú ogun, òun kò ní sin ẹyọ kan nítorí iṣu. Òun àti ọkọ mi ló jọ na okùn, tí wọ́n la ọ̀nà yìí kí màlúù wa máa gbà á lọ sódò nígbà ọyẹ́. Láti ìgbà náà, ṣé ẹ tún rí màlúù wa nínú iṣu yín?"

"Kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa?"

"Bàbá ní ká má sọ̀rọ̀ ìjà náà mọ́, kó má baà tún rú sókè, ọmọ mi."

Orí Wàhídátù dàrú. Ṣé ogun ló ba Bàbá jẹ́ ni àbí ogun ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n? Ó fi ìdààmú yìí dé ilé, ó sì bá Rótìmí àti àwọn ọ̀dọ́ nínú àgbàlá, àdá lọ́wọ́ wọn. Ẹnìkan ti ròyìn oko fún wọn; gàá àwọn Fúlàní ni wọ́n fẹ́ lọ.

"Wọ́n ti ba oko ìrántí Bàbá jẹ́!" ni Rótìmí ń pariwo. "Wọ́n máa mọ̀ pé ọkùnrin wà nílé yìí!"

Wàhídátù bọ́ síwájú wọn. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa dá a lẹ́bi. Bó bá sọ̀rọ̀, gbogbo ìyìn yẹn á di ìtìjú. Ó la ẹnu, wọn kò gbọ́ ọ. Ó bá sáré wọlé, ó já fèrè Bàbá lára ògiri, ó sì fọn ọ́n kíkankíkan. Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Bàbá ló la ọ̀nà yẹn fún màlúù, kí ẹnikẹ́ni má baà kú. Èmi ni mo dí i."

"Ṣé o ti ya wèrè ni?" ni Rótìmí jágbe. "Ẹ̀yìn ta lo wà gan-an?"

"Mi ò mọ̀, bùrọ̀dá mi. Gbogbo rẹ̀ ti dàrú mọ́ mi lójú. Àmọ́ mo mọ̀ pé mi ò béèrè kí n tó kọ ebè."

Ràmọ́nì, tí fèrè ti pè jáde, rọra jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Omijé lé ròrò sí i lójú. "Èmi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀ gan-an," ó ní, "kí ni mo béèrè?" Nígbà tó dìde, ọkọ́ ló lọ mú. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí tú ká, wọ́n ń kùn. Rótìmí kò bá Wàhídátù sọ̀rọ̀ mọ́ títí ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ fi parí, iṣu tí wọ́n gbìn sì ṣègbé.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá àti ọmọ tú ebè tó kù, wọ́n na okùn Bàbá, ọkọ Hàwáù sì bá wọn di orí kejì okùn náà mú. Abẹ́ igi irú ni wọ́n ti ṣe àdúà. Nígbà tó kan Wàhídátù láti sọ̀rọ̀, ó ká ìwé tó ti kọ, ó fi í sápò.

"Mi ò tíì mọ Bàbá tán," ó wí. "Mo fẹ́ bọlá fún wọn, mo wá ba ohun tí wọ́n ṣe jẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó tún iṣẹ́ àgbà ṣe, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìdí tí wọ́n fi ṣe é."

Kò tíì jókòó tí màlúù fi dé. Gbogbo èèyàn sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn màlúù gba àárín oko kọjá lọ sódò, kò sì sí èyí tó yà sí iṣu ẹnikẹ́ni.