Ìkìlọ̀ tó Sọnù ní Ìfọ̀

Kówó tó pòórá ní báǹkì kékeré kan ní Ìfọ̀, lẹ́tà ló kọ́kọ́ pòórá. Ìyẹn gan-an ló ń ká Sájẹ́ńtì Monísọ́lá tó wá wádìí rẹ̀ lára. Lọ́dún 2008 tí èyí ṣẹlẹ̀, àwọn báǹkì kéékèèké Mówè, Ìbàfò àti Ìfọ̀ ti bá ọlọ́pàá ṣàdéhùn: èyí tí olè bá gba orí kọ̀ǹpútà wọlé sí, kó kọ̀wé, kí ọlọ́pàá mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Mówè kọ tiwọn: ẹ má dáhùn ímeèlì tó bá ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù. Lẹ́tà náà dé Ìfọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Síbẹ̀, lọ́jọ́bọ̀, ọ̀nà kan náà làwọn olè gbà wọlé.

Múdàṣírù, ọlọ́pàá tó gbé lẹ́tà náà wá, ṣí ìwé tí wọ́n fi gbà á. Ẹni tó gbà á ti kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: Àǹtí Fúnmi.

"Ojú fèrèsé ni mo ti nà án sí wọn, mà, gíláàsì rẹ̀ sì dúdú. Ọwọ́ nìkan ni mo rí."

Fúnmi, tó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà, kúnlẹ̀.

"Mi ò fojú kan lẹ́tà kankan, mà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tì mí mọ́lé. Jésùlayọ̀mi ọmọ mi ò tíì pé ọdún kan."

Àánú rẹ̀ ṣe Monísọ́lá. Kò lè jókòó. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Àwọn olè yìí ò ní sinmi, Ìbàfò ló kù.

Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé, máníjà, kò tiẹ̀ jẹ́ kó béèrè tán. "Fúnmi kì í fara balẹ̀. Ẹ mú un lọ. Ṣùgbọ́n kí báǹkì mìíràn má gbọ́ o, mádáàmù. Àwọn kọ́sítọ́mà wa á sá."

Ládi tó ń sanwó fún èèyàn pariwo: "Ìyá Jésùlayọ̀mi kẹ̀? Láéláé! Ìyá Jésùlayọ̀mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Zubair tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń làágùn lábẹ́ fáànù. "Bóyá Àǹtí Fúnmi gbàgbé ni, mà. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Àǹtí Fúnmi."

Monísọ́lá dúró.

"Zubair, kọ orúkọ rẹ."

Ó kọ ọ́: Zubair.

"O ò kọ Bùrọ̀dá Zubair?"

"Háà, mà. Ta ló ń pe ara ẹ̀ ní bùrọ̀dá?"

"Ta ló wá ń pe ara ẹ̀ ní àǹtí?" Ó ṣí ìwé náà síwájú rẹ̀. "Máníjà ìbá kọ Fúnmi. Ládi ìbá kọ Ìyá Jésùlayọ̀mi. Ìwọ lo kéré sí i. O fẹ́ purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ kọ̀, kò lè kọ orúkọ àgbà lásán."

Zubair dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Èmi ni mo dáhùn ímeèlì yẹn lọ́jọ́ Ajé. Orúkọ máníjà wa ló wà lórí ẹ̀, mo sì fún wọn ní pásíwọ́ọ̀dù. Nígbà tí lẹ́tà dé, ojú tì mí. Mo fi í pamọ́, mo rọra yí pásíwọ́ọ̀dù padà kẹ́nikẹ́ni tó mọ̀. Àṣé àwọn olè ti wọ inú kọ̀ǹpútà wa jókòó tẹ́lẹ̀."

Ó fa lẹ́tà náà yọ lápò.

Monísọ́lá yíjú sí máníjà. "Ẹ gbọ́, sà? Ohun tó ṣe yìí náà lẹ ní kí n ṣe: kí n fi ìkìlọ̀ pamọ́. Orúkọ máníjà làwọn olè ń lò báyìí. Ìbàfò ò sì mọ̀."

Fúnmi ló dìde, tó nu ojú, tó fa bébà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìkìlọ̀ sí Ìbàfò. Nígbà tó parí, ó fọwọ́ sí i: Fúnmi. Kò sí àǹtí níbẹ̀.