Àlejò Tí Kò Sọ Pé Ó Tó

Kí ahọ́n mi gbẹ bí irọ́ bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo fi Ọlọ́run búra, mo sì fi orí ìyá mi lé e. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká yọ orí ìyá mi kúrò níbẹ̀, torí ibì kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé ẹnu ara mi ni mo fi hun ún. Kí ahọ́n náà má sì gbẹ tán pátápátá. Kó gbẹ díẹ̀, kó ku èyí tí n óò fi jẹun. N óò tọ́ka sí ibi tí irọ́ náà wà kí n tó dákẹ́. Àmọ́ ife omi yẹn kì í ṣe irọ́. Ó wà lójú fèrèsé ilé Nọ́síràtù ní Òkè-Baálẹ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Àlejò kan mu omi inú rẹ̀ tẹ́rùn, wọ́n sì rí i tí gògóńgò rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Omi náà kò dín. Oòrùn oṣù mẹ́ta ti pa á, kò gbẹ.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Nọ́síràtù, ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì. Ilé tí bàbá rẹ̀ fi owó reluwé kọ́ ló ń gbé, sàárè bàbá náà sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, lápá ọ̀tún bí èèyàn bá ń wọlé. Lùkúmọ̀n ni orúkọ bàbá. Ogójì ọdún ló fi ṣiṣẹ́ lójú irin, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju àsíá méjì lọ. Bó bá gbé aláwọ̀ ewé sókè, reluwé á máa lọ. Bó bá gbé pupa sókè, reluwé á dúró gbọnin. Ọkọ̀ tó gùn tó àdúgbò kan kò ní kúrò lójú kan àfi tí Lùkúmọ̀n bá gbọ́wọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé kò sùn lẹ́nu iṣẹ́ rí. Bí òòyì oorun bá ń kọ́ ọ, yóò da omi tútù sínú bàtà ara rẹ̀, yóò sì dúró sínú rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Bàbá náà ní òfin kan nínú ilé. Bí àlejò bá dìde, kí wọ́n sìn ín sọ́nà, kí ẹni tó ń sìn ín má sì ṣe dá ara rẹ̀ padà. Àlejò ni yóò sọ pé, "Ó tó, ẹ padà." Bí kò bá tíì sọ ọ́, o kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ àtiyí ẹ̀yìn. Nígbà tí Nọ́síràtù wà lọ́mọdé, ó sin ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan rìn títí dé ẹ̀yìn ìlú, torí ìyá náà gbàgbé láti sọ ọ́. Wọ́n fẹ́ nà án nígbà tó délé. Bàbá rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ọmọ òun ni.

Barnabas ló wá da omi àlàáfíà ilé náà rú. Ọmọ Iléṣà ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju oyin lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń mú àlejò rìn káàkiri Òṣogbo, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa. Kì í mú wọn lọ síbi tí gbogbo ayé ń lọ. "Igbó Ọ̀ṣun? Ẹ óò rí ìyẹn nínú fóònù yín," bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wí. Yóò mú wọn lọ wo kòtò tí wọ́n ti ń wa góòlù ní Ìtagunmodi lọ́nà Iléṣà, yóò mú wọn lọ wo irin reluwé tí koríko ti bò mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, tó bá mọ̀ pé onílé ti lọ síbi iṣẹ́, yóò kó wọn wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Nọ́síràtù tí kò ní géètì.

Yóò fi ẹsẹ̀ gbá táìlì orí sàárè. "Ẹni tó sùn síbí yìí ló sùn lẹ́nu iṣẹ́. Oorun gbé e lọ, reluwé méjì forí gbárí, ogójì èèyàn kú. Ẹ dẹ etí sí i. Ó ṣì ń hanrun."

Àwọn àlejò yóò kúnlẹ̀, wọn yóò fi etí lé sàárè bàbá olóbàbá, wọn yóò sì máa ya fọ́tò.

Irọ́ gbuu. Reluwé kankan kò forí gbárí lójú ayé Lùkúmọ̀n. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Wọn kò sọ iye ohun tí irọ́ yóò ti jẹ run kí ọjọ́ náà tó pé.

Ọjọ́ tí ó dé etí Nọ́síràtù, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Rùkáyà, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti ilé kéwú dé, ó ń fò, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń kọrin:

"Lùkúmọ̀n olóorun, jí o! Reluwé ti pààyàn tán, jí o!"

Ó wá dúró, ó bi í pé, "Màmá àgbà, ta ni wọ́n ń pè ní Lùkúmọ̀n?"

Nọ́síràtù bi í pé ta ló kọ́ ọ lórin náà, ọmọ náà ní ẹnu Barnabas, tó ń kó àlejò wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, ni àwọn ọmọ àdúgbò ti gbọ́ ọ. Nọ́síràtù da ẹ̀wà sílẹ̀, ó wé ìborùn, ó wọ kọ́rópe lọ sí Òkè Fia, níbi tí Barnabas ti máa ń dúró de àwọn àlejò rẹ̀.

"Ìwọ Barnabas, èèyàn ló bí ẹ àbí igi?"

"Ẹ káàsán o, Màmá. Ṣé kò sí?"

"Ó wà! Gbogbo rẹ̀ ló wà! Òṣómàáló! Àwọn baba ńlá tìrẹ lóṣòó síwájú ilé onílé nítorí aṣọ tí wọ́n tà. Kí ni ìwọ tà fún bàbá mi tí o fi lóṣòó ti òkú rẹ̀?"

Àwọn onímọ́tò bú sẹ́rìn-ín. Barnabas náà rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Màmá, ẹ rọra. Ìtàn lásán ni. Àwọn àlejò fẹ́ràn ìtàn."

"Ta ló sọ fún ẹ pé bàbá mi sùn?"

"Ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n ni. Ó búra gidi. Ó ní kí ahọ́n òun gbẹ bí irọ́ bá ni."

"Ahọ́n ẹ̀yin méjèèjì ni yóò gbẹ!"

"Ẹ tiẹ̀ yẹ kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni. Bàbá yín ti kúrò ní òkú lásán, ó ti di gbajúmọ̀. Ní Sátidé mo ń mú ẹlòmíràn bọ̀. Ẹ bá wa gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn dáadáa."

Nígbà tí Nọ́síràtù padà délé, kò sunkún, kò sì ṣe àdúà. Ó kúnlẹ̀ ti sàárè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá táìlì lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. "Bàbá, ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń fi yín ṣe ni? Ẹ̀yin tí ẹ ò sùn láyé, kí lẹ wá ń sùn fún báyìí? Ẹ dìde! Ẹ wá gbọ́ ọ fúnra yín!"

Ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Àfi pé nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ọwọ́ náà tutù, omi sì ń kán níbẹ̀.

Sátidé pé. Oòrùn ọjọ́ náà mú tó bẹ́ẹ̀ tí ajá fi ń wá abẹ́ ọkọ̀ sá sí. Nọ́síràtù jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ọmọ orógùn lé ẹsẹ̀, ó ti múra ìjà. Lágogo méjì, Barnabas dé. Àlejò kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé e, àgbàlagbà, ó wọ kakí tí wọ́n lọ̀ débi pé ìlà rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Ó há nǹkan kan tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé mọ́ abíyá. Kò làágùn.

"Màmá, ẹ má tíì bínú," Barnabas sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kò dà bí ẹni ọjọ́sí. "Èmi kọ́ ni mo wá bàbá yìí rí. Lójú irin ni mo bá wọn. Wọ́n ní àwọn ti ń retí mi."

"Ẹ kú ilé," ni àgbàlagbà náà wí.

Nọ́síràtù fẹ́ wo ojú rẹ̀, kò rí i wò. Bí ó bá gbé ojú lé e, ojú á yẹ̀ sára ògiri. Ó sì ń gbọ́ ohùn kan nígbà tí àlejò ń rìn bọ̀: ṣọ̀pọ̀, ṣọ̀pọ̀, bí ẹsẹ̀ tó wà nínú bàtà olómi. Òjò kò tíì rọ̀ láti oṣù kẹwàá. Àmọ́ gbogbo ibi tí bàtà náà tẹ̀ ló tutù.

Bó ti wù kí inú bí ọmọ Lùkúmọ̀n tó, àlejò kì í dúró láìmu omi. Ó dìde, ó bu omi wá. Àgbàlagbà náà mu ún, ó mu ún pẹ́, ó dúpẹ́, ó gbé ife náà sójú fèrèsé. Ó kún bámúbámú.

"Ó yá," ó wí fún Barnabas. "Sọ ọ́."

Barnabas bẹ̀rẹ̀. Kò fi ẹsẹ̀ kan táìlì lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tó dé ibi tí reluwé ti forí gbárí, àlejò náà gbọ́wọ́ sókè, ọ̀rọ̀ sì dúró lẹ́nu rẹ̀.

"Ọjọ́ wo ni?"

"Ó ti pẹ́, Bàbá."

"Reluwé wo?"

"Èyí... èyí tó ń bọ̀ láti Ọ̀fà."

"Kí ni orúkọ ẹni tó ń wà á?"

Barnabas pọ́n ètè lá. "Bàbá, ìtàn ni."

"Nínú àwọn ogójì tó kú yẹn, dárúkọ ẹyọ kan fún mi."

Eṣinṣin kan ń kùn lára fèrèsé. Àgbàlagbà náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ pa orí sàárè. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣàròyé nípa yàrá tó háyà: "Táìlì yìí kò jẹ́ kéèyàn mí dáadáa."

Ọmọ orógùn bọ́ lọ́wọ́ Nọ́síràtù. Òun ló ní kí wọ́n lẹ táìlì náà, ní ààwẹ̀ èṣí.

Àlejò náà nàró. "Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, sìn mí sọ́nà."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín pe kọ́rópe, Bàbá."

"Ẹsẹ̀ ni n óò fi rìn."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí ojú títì. Nọ́síràtù tẹ̀ lé wọn dé iwájú ilé. Ìwé ìròyìn abẹ́ abíyá náà ti tú díẹ̀, ó sì rí etí aṣọ pupa, ó rí etí aṣọ aláwọ̀ ewé. Àgbàlagbà náà yíjú padà.

"Nọ́sírà," ó wí. "Ṣé ó tó?"

Ẹnu kan ṣoṣo ló pè é bẹ́ẹ̀ rí láyé. Bí ó ṣe máa ń bi í náà nìyẹn láràárọ̀, nígbà tó bá ń bu kókó sínú abọ́ rẹ̀. Bí ọmọ kò bá sọ pé ó tó, bàbá kì í dáwọ́ dúró, kódà bí kókó bá ń ṣàn sílẹ̀.

Ó mọ ohun tí wọ́n ń bi òun. Barnabas náà ti mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ yí ẹ̀yìn, àmọ́ ẹsẹ̀ kò gbà fún un. Ọrùn nìkan ló yí, ojú rẹ̀ sì ti funfun bí ojú ẹni tí wọ́n fi eérú pa.

"Màmá," ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

Nọ́síràtù rántí ẹsẹ̀ lórí táìlì. Ó rántí etí àwọn àlejò tó ń wá ìhanrun. Ó rántí Rùkáyà tó ń pàtẹ́wọ́.

"Kò tíì tó," ni ó wí.

Àgbàlagbà náà mi orí pé òun gbọ́. Ó tú ìwé ìròyìn, ó yọ àsíá aláwọ̀ ewé, ó gbé e sókè. Àwọn méjèèjì ń lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá Barnabas ti Iléṣà dé. Phebe ni orúkọ rẹ̀. Kò jà, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà ọmọ rẹ̀, ó gbé fóònù sí etí Nọ́síràtù. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé e.

"Mọ̀mí, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Bàbá ò tíì ní kí n padà ni." Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, òkúta ojú irin ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀. Ṣọ̀pọ̀, ṣọ̀pọ̀.

Láti ọjọ́ náà, lágogo méjì ọ̀sán nìkan ni ìpè Phebe ń wọlé, iná inú fóònù ọmọ náà kì í sì í tán. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ. Ohùn rẹ̀ nìkan ló ń gbó. Oṣù mẹ́ta péré, ó ti ń wúkọ́ bí arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún.

Nọ́síràtù ti fi òòlù fọ́ gbogbo táìlì náà. Ó ń kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó ń fọwọ́ gbá a: "Ó tó, Bàbá. Ó ti tó, mo bẹ̀ yín." Àmọ́ ẹni tó ń pè kò sí nílé. Ó wà lọ́nà.

Ibi tí mo parọ́ sí wá nìyí. Barnabas kọ́ ló hun ìtàn oorun yẹn. Èmi ni. Ọjọ́ tí mo lọ jí máńgòrò lẹ́yìn ilé Nọ́síràtù ni mo ka orúkọ Lùkúmọ̀n àti iṣẹ́ reluwé rẹ̀ lára sàárè. Mo gbé e lọ fún Barnabas ní Òkè Fia, mo fi reluwé méjì kún un, mo fi ogójì òkú kún un, mo ní kí ahọ́n mi gbẹ. Ebi kò pa mí, ẹnikẹ́ni kò ṣẹ̀ mí. Mo kàn fẹ́ rẹ́rìn-ín ni, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìyókù, bí Nọ́síràtù ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe sọ ọ́.

Lánàá mo délé lọ́sàn-án. Ìyá mi ní àlejò kan wá, bàbá àgbà kan tó mọ́ tónítóní, ó ń bèèrè ọmọ tí ìtàn dùn lẹ́nu rẹ̀. Ìyá mi fún un lómi. Ó mu ún, ó ní kí n múra sílẹ̀, òun yóò padà wá lónìí kí n sin òun sọ́nà. Mo wo orí tábìlì. Ife kún bámúbámú. Ilẹ̀ sì tutù láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi.

Agogo méjì ti fẹ́ lù. Ahọ́n mi ti wúwo bí igi gbígbẹ. Ẹ bá mi bu omi wá. Ẹ má bù ú nínú ife yẹn.